Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ sáyà, ṣé kí n gbà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ BP lóṣù tó kọjá, lẹ́tà tó ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ ọkàn ti pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bèèrè: dókítà ti ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú àyà, ilé sì ti dàrú, ẹnu ò kò. Mo ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tó lárùn ọkàn fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kì í ṣe dókítà o, ẹ má gbé ìdáhùn mi ju ti dókítà yín lọ, ẹ kàn fi mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni.

*Nọ́ọ̀sì mà, ẹ kú iṣẹ́. Màámi ti pé ọdún 74, Ìbàdàn la wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dákú láàárín oṣù méjì, ọ̀kan níbẹ̀ ìdí ààrò ni, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ọsibítù ní ìgbà 34 péré ni ọkàn wọn ń lù ní ìṣẹ́jú kan, pé pacemaker, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti máa lù, ló kù. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun á sanwó, kí wọ́n ṣe é kíá. Àǹtí wa ní ká ṣì lọ gbàdúrà sí i ná. Màámi fúnra wọn ní àwọn ò fẹ́ irin lára. Ẹ̀gbọ́n wa wá ní ká má ṣàlàyé púpọ̀ fún wọn kẹ́rù má bàa bà wọ́n, ká kàn sọ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà. Kí lẹ rí sí i? Àbíkẹ́yìn, Ìbàdàn.*

Àbíkẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́ abẹ́rẹ́ fún màmá. Mo ti rí i rí. Àwọn ọmọ bàbá kan sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ lásán ni, bàbá jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n fọwọ́ kan àyà wọn, wọ́n bá nǹkan líle lábẹ́ awọ, ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní ká yọ ọ́. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú o, ṣùgbọ́n bàbá ò fojú ire wo àwọn ọmọ yẹn fún ọjọ́ pípẹ́, wọn ò sì wá sí klíníìkì tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rọ wò. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àyà màmá ni, ẹnu màmá ló yẹ kí bẹ́ẹ̀ ni ti jáde.

Bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn nìyí ká ní èmi ni. Ọkàn ní iná tiẹ̀. Òkè ọkàn lápá ọ̀tún ni iná yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ọ̀nà kan sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìsàlẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara. Ẹni tára ẹ̀ dá tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ẹ̀ á máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọ̀nà iná yẹn bá wá gé, ìsàlẹ̀ ò ní gbọ́ ohun tí òkè ń sọ mọ́, á máa dá lu tiẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, 30, 35, 40, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń fi jíà kìíní gun òkè, nígbà míì á tiẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, ìyẹn ló ń gbé èèyàn lulẹ̀. Heart block ni wọ́n ń pè é, ẹ bi dókítà bóyá òun ló ń ṣe màmá, nítorí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn ó jọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kó gbogbo òògùn tí màmá ń lò sínú ọ̀rá, àtèyí tí dókítà kọ àtèyí tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì àti àgbo, kẹ́ ẹ gbé e dà sórí tábìlì dókítà. Àwọn òògùn BP kan bí atenolol àti òògùn ọkàn tó ń jẹ́ digoxin máa ń dín bí ọkàn ṣe ń lù kù, potassium tó bá ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè ṣe é, thyroid tó wà lọ́rùn tí ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa lè ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni, tí wọ́n bá tún un ṣe, ọkàn lè padà sípò láìsí ẹ̀rọ kankan. Tí wọ́n bá ti wò ó tí kì í ṣe ìwọ̀nyí, a jẹ́ pé ọ̀nà iná yẹn fúnra ẹ̀ ló ti gbó, kò sì sí òògùn téèyàn lè máa gbé mì nílé tó máa tún un ṣe. Láyé ìgbà tí pacemaker ò tíì sí, àwọn tó wà nírú ipò yìí tí wọ́n tún ń dákú, bí ìdajì wọn ni kì í pé ọdún kan láyé.

Ọ̀rọ̀ irin tí màmá ń sọ yẹn, ẹ má tètè bá wọn jà sí i, ẹ bi wọ́n pé kí gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ní "mi ò fẹ́ irin lára," nǹkan míì ló sábà máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn kan rò pé wọ́n máa la àyà àwọn bí wọ́n ṣe ń la ti ẹni tí wọ́n ṣe ọpuréṣọ̀n ọkàn fún. Rárá o. Wọ́n á fún wọn lábẹ́rẹ́ tí ibẹ̀ á fi kú, wọ́n á la awọ díẹ̀ lábẹ́ egungun èjìká níwájú, lápá òsì lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì dénú ọkàn, wọ́n á ki ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́ bí àpótí ìṣáná sábẹ́ awọ, wọ́n á rán an. Wákàtí kan sí méjì. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò sì ní máa gbá ọkàn kiri, tí ọkàn bá ń lù fúnra ẹ̀ ẹ̀rọ á dákẹ́ á máa wò ó, ìgbà tó bá fẹ́ falẹ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ìyá míì sì wà tó jẹ́ pé owó ló ń dùn wọ́n, wọn ò fẹ́ kọ́mọ tà nǹkan nítorí àwọn, wọn ò kàn lè sọ ọ́ síta. Àwọn míì, ẹ̀rù wọn ni pé táwọn bá dàgbà tán táwọn fẹ́ lọ, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ káwọn kú, ọkàn á kàn máa lù ṣáá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran ara tó bá ti kú kì í gbọ́ iná pacemaker mọ́. Tọ́jọ́ bá pé èèyàn á lọ, ẹ̀rọ ò ní dá a dúró.

Ẹ má fi ewu ẹ̀ pa mọ́ fún wọn náà. Nínú 100 èèyàn, á tó ẹnì kan sí mẹ́ta tí wáyà máa yẹ̀ níbi tí wọ́n fi sí tí wọ́n á tún padà wọlé, á tó bí ẹnì kan tí kòkòrò máa wọ ojú ibẹ̀, bí ẹnì kan tí abẹ́rẹ́ máa kan ẹ̀dọ̀fóró. Bátìrì ẹ̀ máa ń lò tó ọdún 5 sí 15, tó bá ń tán lọ wọ́n á pààrọ̀ àpótí yẹn, wáyà á wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí lára láyé yìí, Arne Larsson ará Sweden, lọ́jọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ti àkọ́kọ́ yẹn ò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi bàjẹ́! Ìyàwó ẹ̀ ló lọ ń dààmú dókítà Åke Senning àti ẹnjiníà Rune Elmqvist títí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀rọ 26 ni Larsson lò lára, ọdún 2001 ló kú, ẹni ọdún 86, àrùn jẹjẹrẹ ló sì pa á, kì í ṣe ọkàn. Àwọn méjèèjì tó ṣe é fún un ti ṣáájú ẹ̀ lọ.

Ti àdúrà, mi ò ní ká má gbà á, èmi náà ń gbà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, kí màmá má dá wà nídìí iná, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ mọ́ra wọn, kẹ́nikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọ́n dá sọdá títì. Sọ fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó tó fowó ránṣẹ́, kó bèèrè bóyá iye tí wọ́n pè, torí mílíọ̀nù ni, kó ẹ̀rọ, wáyà àti àyẹ̀wò ẹ̀yìn ọ̀la pọ̀. Ìkejì tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè: kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tí wọ́n fi ń ka ẹ̀rọ tiẹ̀. Tí ọsibítù tí màmá á máa lọ ò bá ní ti kọ́ńpìnnì yẹn, Èkó ni ẹ máa máa gbé wọn lọ ṣáá.

Tó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, máa kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ ọ yé dáadáa, tí wọ́n sì tún ní rárá, rárá wọn ni o.

*Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àtijọ́. Houston, Texas ni mò ń gbé, ọdún 51 ni mí, ọkọ̀ tírélà ni mò ń wà. BP ló ba ọkàn mi jẹ́, wọ́n ní EF mi, ìyẹn bí ọkàn mi ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí, jẹ́ 28. Mo ti ń lo òògùn mẹ́rin tí wọ́n kọ fún mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, ara mi sì ti ń yá. Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ICD. Mi ò dákú rí, mi ò ṣubú rí, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ gbé iná sí mi láyà? Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi. Bàbá Ìbejì.*

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti màmá tó wà lókè yẹn pátápátá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà á fọkàn sí i torí àwọn èèyàn máa ń kó méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń dákú tí ọkàn ẹ̀ ń falẹ̀, tó bá gbé pacemaker sí i, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ yẹn náà lá ti mọ̀ ọ́n lára. ICD ò ní jẹ́ kára yín le sí i, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè gun àtẹ̀gùn ju bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún lọ. Ọdẹ òru ni. Ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń ṣọ́ ọjọ́ tí ọkàn lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì dípò kó lù, tó bá rí i á yin ìbọn, ìyẹn iná tó máa dá ọkàn padà. Ọdẹ yẹn lè jókòó fún ọdún mẹ́wàá kólè má wá. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ó lè ṣìnà, kó yin ìbọn sí onílé. Àwọn tó ti gbà á lára ní ó dà bí ìgbà tí ẹṣin ta èèyàn nípàá láyà, àwọn míì ẹ̀rù kì í kúrò lára wọn lẹ́yìn ẹ̀.

EF yín tó jẹ́ 28 yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọkàn kó tó lù, ìdá 28 nínú 100 ló ń tì jáde, ti ẹni tára ẹ̀ dá máa ń wà láàárín 55 sí 70. Tó bá ti jẹ́ 35 sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ICD. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìlànà tí àwọn dókítà ọkàn fúnra wọn ń tẹ̀ lé ni pé kẹ́ni tó wà nípò yín lo òògùn tó péye fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n tún wo ọkàn, torí òògùn yẹn máa ń gbé EF àwọn míì kọjá 35, ọ̀rọ̀ ICD á sì kúrò nílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú sùúrù: "Ṣé nǹkan kan wà nínú àyẹ̀wò mi tí ò jẹ́ ká lè dúró pé oṣù mẹ́ta?" Ó lè wà, ó sì lè máà sí.

Ẹ jẹ́ ká ka iye. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2005, èèyàn 2,521 tí ọkàn wọn ti rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin ó dín díẹ̀, nínú 100 tí ò ní ICD, 29 kú, nínú 100 tó ní in, 22 kú. Ẹ wò ó dáadáa. Èèyàn méje ni ẹ̀rọ gbà là, méje ò kéré, ọkọ ẹnì kan ni, bàbá ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n 71 ì bá wà láàyè náà láìsí ẹ̀rọ kankan, 22 sì gbé ẹ̀rọ láyà kú. Lọ́dún 2016 Denmark gbé tiwọn jáde, àwọn tó jẹ́ pé kì í ṣe iṣan ọkàn tó dí ló ba ọkàn wọn jẹ́, bíi tiyín, ICD ò fi bẹ́ẹ̀ dín iye àwọn tó kú kù lápapọ̀, àmọ́ àwọn tí ò tíì dàgbà púpọ̀ níbẹ̀ jàǹfààní ẹ̀. Ọdún 51 sì kéré. Nítorí náà mi ò ní kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́ o, mò ń ní kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà. Àwọn kan wà tí wọ́n á ní, "ikú òjijì ni mi ò fẹ́, àwọn ọmọ mi ṣì kéré." Àwọn kan wà tí wọ́n á ní, "tó bá jẹ́ ojú oorun ni mo máa gbà lọ, ẹ fi mí sílẹ̀." Kò sí èyí tó gọ̀ nínú méjèèjì. Níbẹ̀ yẹn gan-an, látọdún 2018 ni Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ti sọ ọ́ dòfin pé kí wọ́n tó gbé ICD sí ẹni tí nǹkan ò tíì ṣe lára, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kí wọ́n fi ìwé tó ní irú ìṣirò yìí hàn án, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ẹ ò tíì tó Medicare lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìwé yẹn, wọ́n ní in.

Iṣẹ́ yín ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ ibẹ̀. Ìlànà àwọn tó ń bójú tó awakọ̀ tírélà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn ni pé kí wọ́n má fún ẹni tó ní ICD ní káàdì ìlera tí wọ́n fi ń wakọ̀. Torí ìyẹn ọ̀pọ̀ ń sá fún un. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹ̀rọ, ọkàn tí EF ẹ̀ ò tó 40 fúnra ẹ̀ ti ń fa wàhálà sí káàdì yẹn, ẹ̀rọ wà o, ẹ̀rọ ò sí o. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ iṣẹ́ yín lónìí kí wọ́n tó gé nǹkan kan, kẹ́ ẹ jọ mọ ohun tí oúnjẹ ilé á dà.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún ìyàwó yín, ẹ jàre. Iná yẹn lè jáde lóru, òun ló máa ta jí. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan tó bá fara kàn yín nígbà náà ju kó ta á fìrí lọ. Ohun tó kẹ́yìn, wọn kì í sábà sọ ọ́: tó bá di ọjọ́ alẹ́ tí àìsàn míì bá dé, wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà pa ìbọn ọdẹ yẹn láìfi ọ̀bẹ kan ara, kó má bàa máa ta yín lórí ibùsùn ikú. Ẹ bèèrè ìyẹn náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń bèèrè ìyókù.

*Mà, ọkọ mi jẹ́ wẹ́dà ní Òṣogbo, wọ́n ní kó gbé pacemaker sí i, ó ní tóun bá gbé e sí i iṣẹ́ òun ti parí nìyẹn, pé kóun kúkú kú. Ìyàwó Wẹ́dà.*

Iṣẹ́ lè má parí, ìyàwó wa. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní rí bíi tàtẹ̀yìnwá. Ibi tí iná ti ń ta gbọ́dọ̀ jìnnà sáyà ẹ̀ tó 60 cm, kó má gbé wáyà sọ́rùn tàbí kọ́ ọ léjìká báwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe, kó so wáyà ilẹ̀ mọ́ irin nítòsí ibi tó ń jó, kó má jórin lórí ilẹ̀ tútù, kó wọ ìbọ̀wọ́ tó gbẹ, kó má dá nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí òòyì bá kọ́ ọ, kó ju nǹkan ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ kó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ jíjórin tí iná ẹ̀ lágbára gan-an, ìyẹn ni kó gbàgbé. Kó sọ fún dókítà pé wẹ́dà lòun kí wọ́n tó ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, nítorí wọ́n lè ṣètò ẹ̀rọ náà sí bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, kó sọ ìyẹn náà, wọ́n lè gbé e sápá ọ̀tún.

Àwọn kéékèèké tó kù rèé, mo ti kó wọn pọ̀.

*Ṣé fóònù àti jẹnẹrétọ̀ ò ní pa á?* Ẹ má ki fóònù sápò àyà, kó jìnnà tó 15 cm sí ẹ̀rọ, etí apá kejì ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, 30 cm ó kéré tán. Ní pápákọ̀ òfuurufú ẹ fi káàdì ẹ̀rọ hàn wọ́n, kí wọ́n má gbé ọ̀pá àyẹ̀wò dúró sí yín láyà. MRI, ìyẹn ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, àwọn ẹ̀rọ tuntun kan gbà á, àwọn kan ò gbà á.

*Wọ́n ní pacemaker tí wọ́n yọ lára òkú lókè òkun wà tó dínwó, ṣé kí n gbà á fún bàbá mi?* Kì í ṣe àhesọ. Yunifásítì Michigan ti ń gba irú ẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, fún àwọn orílẹ̀-èdè tówó ò ti sí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 fi èèyàn 1,051 tí wọ́n fún ní àlòkù wé àwọn tó lo tuntun, kòkòrò wọ bí ẹni méjì nínú 100 lára àwọn alálòkù, ó wọ ẹnì kan àti díẹ̀ lára àwọn tó lo tuntun, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ lé. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ìwé, tí ọsibítù mọ ibi tó ti wá àti iye tó kù nínú bátìrì ẹ̀ ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan kó wá nínú báàgì. Bàbá sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àlòkù ni.

*Nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e sí mi láyà lóṣù tó kọjá, ìgbà wo ni mo lè pọn ọmọ ọmọ mi? Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta.* Ẹ kú ewu o, Ìyá Àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń ní kéèyàn má gbé apá ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá èjìká, kó má gbé ẹrù tó wúwo, kí wáyà lè mú. Tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí ojú ibẹ̀ ti jiná, ẹ lè pọ̀n ọ́n. Kẹ́lòmíì bá yín gbé e sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì so ọ̀já sísàlẹ̀ ọmú, kó má fún ojú ibi tí wọ́n rán yẹn.